Kí ẹ tó tẹ “send”

Ẹ̀yin ọmọ mi ní Banikanni, tí ẹ ń wá oníbàárà kajú àti òrí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ fara balẹ̀ ka èsì àyẹ̀wò àdírẹ́sì ímeèlì. “Valid” ń sọ pé àpótí wà. Kò sọ pé onílé fẹ́ gbọ́ yín. “Invalid”, ẹ pa á rẹ́ kíá. “Unknown” kì í ṣe òkú: ẹ̀rọ tó ń gba lẹ́tà fún àdírẹ́sì náà lè ti fi kóòdù 450 dáhùn, pé kí ẹ padà wá. “Catch-all” gan-an ló ń tan ọmọdé jẹ. Ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń gba orúkọ yòówù, títí kan èyí tí ẹ hùmọ̀. Ẹ kọ́kọ́ pè wọ́n lórí fóònù. Láti 2024, Gmail ò fẹ́ kí ẹ̀sùn ìdàmú dé 0.3% lọ́wọ́ ẹni tó ń fi ọ̀pọ̀ lẹ́tà ránṣẹ́. Àdírẹ́sì tí wọ́n ń tà fún yín ní ìdìpọ̀ ńkọ́? Ẹ má rà á. Ẹ rántí pé APDP, àjọ tó ń dáàbò bo ìsọfúnni àdáni àwọn ènìyàn, wà ní Benin.