Oko Agége tí ó di Ilé-Ẹ̀kọ́

Láti ọdún 1926 tí àwọn ọkọ̀ òkun ńlá ti bẹ̀rẹ̀ sí gúnlẹ̀ sí èbúté Àpápá ni kòkó ti ń gba ibẹ̀ lọ sí òkè òkun. Àpò 16 ni ó ń pé tọ́ọ̀nù kan. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin Ajégúnlẹ̀, àdúgbò tí ó múlé ti Àpápá, ni ó ti fi ẹrù rírù ní èbúté yìí bọ́ aya àti ọmọ. Ọ̀nà jíjìn bí Oǹdó àti Èkìtì ni kòkó náà ti ń wá. Ṣùgbọ́n Agége, ní ẹ̀yìn Èkó níhìn-ín, ni ọ̀pọ̀ àwọn baba tí ó gbìn ín ti kọ́ṣẹ́.

Kòkó kì í ṣe igi ilẹ̀ wa. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ó ti wá. James Pinson Labulo Davies, oníṣòwò Èkó kan tí òwò rẹ̀ ti dẹnu kọlẹ̀, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gbìn ín sí ilẹ̀ Yorùbá, ní nǹkan bí ọdún 1880, ní oko rẹ̀ tí a ń pè ní Ijon. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Jacob Kehinde Coker, ọ̀kan nínú àwọn tí ó dá ìjọ African Church sílẹ̀ ní 1901, dá oko ńlá sí Agége. Ní 1907, òun àti àwọn olóko yòókù dá ẹgbẹ́ olóko Agége sílẹ̀.

Iṣẹ́ irú oko bẹ́ẹ̀ kọjá agbára ìdílé kan. Nítorí náà ni àwọn alágbàṣe fi ń ti ìlú òkè wá. Owó ni wọ́n wá wá, ṣùgbọ́n wọ́n rí ohun tí ó ju owó lọ. Wọ́n rí bí a ti í gbin kòkó sí abẹ́ ibòji, àti bí a ti í ká a láìṣá igi lọ́gbẹ́. Iṣẹ́ kòkó kò sì tán sí orí igi. Bí a bá ti la èso rẹ̀, a ó kó hóró tútù inú rẹ̀ jọ, a ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó, a ó sì máa yí i fún ọjọ́ 5 tàbí 6 kí ó lè kan. Ìgbà náà ni a ó tó sá a sí oòrùn títí yóò fi gbẹ dáadáa. Ẹni tí ó bá fi ìkánjú sá a láìjẹ́ kí ó kan ti ba adùn rẹ̀ jẹ́. Bí a bá là á wò, inú rẹ̀ yóò rí bí eérú. Ẹni tí kò bá sì jẹ́ kí ó gbẹ, bíbu ni yóò bu nínú àpò.

Nígbà tí àwọn alágbàṣe ń padà sí ìlú wọn, irúgbìn kòkó wà nínú ẹrù wọn, ìmọ̀ sì wà ní orí wọn. Àwọn oníwàásù African Church pẹ̀lú a máa kọ́ ènìyàn ní kòkó gbígbìn bí wọ́n ti ń kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ Ọlọ́run.

Ẹnìkan lè wí pé òmùgọ̀ ni olóko tí ó jẹ́ kí alágbàṣe mọ àṣírí ọrọ̀ òun. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Agége kò bá kòkó lára mu tó ilẹ̀ òkè. Nígbà tí ó yá, obì gbànja gba ipò rẹ̀ níbẹ̀. Lónìí, ilé ni ó kún ibi tí oko wà. Bí ó bá ṣe pé a há ìmọ̀ náà mọ́ Agége ni, ibẹ̀ ni ìbá kú sí. Nítorí pé a kò há a mọ́, ó di ọrọ̀ gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, owó kòkó sì wà lára ohun tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi dá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ní 1955. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí baba wọn kò mọ̀wé ni ó ti ipa bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè.

Ìbéèrè
1. Kí ni àwọn alágbàṣe rí ní Agége yàtọ̀ sí owó?
2. Èéṣe tí a fi ń jẹ́ kí kòkó kan kí a tó sá a?
3. Ǹjẹ́ àwọn olóko Agége pàdánù nítorí ìmọ̀ tí wọn kò fi pamọ́? Sọ ìdí tí o fi rò bẹ́ẹ̀.