Ọmọ Mi, Má Kánjú Ṣí Ìléru

Ọmọ mi, wọ́n ní o ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Wọ́n ní bakitéríà lẹ fẹ́ fi máa ṣe ike, èyí tó ń jẹrà nínú ilẹ̀. Ó dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n mo tún gbọ́ pé o ti ń kanra, pé iṣẹ́ ọ̀hún ń pẹ́. Etí rẹ dà?

Lọ́dún 1926, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Maurice Lemoigne, rí i pé bakitéríà kan ń to nǹkan pamọ́ sínú ara rẹ̀. PHB là ń pe nǹkan náà lónìí, ó sì ṣeé yọ́ bí ike. Ta ló kà á sí? Epo rọ̀bì tí wọ́n fi ń ṣe ike kún ilẹ̀. Ọdún 1990 ló tó di pé ìgò ọṣẹ ìfọrun tí wọ́n fi irú ike yìí ṣe dórí àtẹ ní Jámánì. Ṣírò ọdún yẹn wò, kí o tó máa bínú nítorí oṣù méjì.

Bakitéríà ò mọ ìkánjú rẹ. Fún un ní ṣúgà yó, kí o dín náítírójìn rẹ̀ kù. Kò ní lè dàgbà mọ́, oúnjẹ sì ṣẹ́kù; á wá máa kó o jọ bí àgbẹ̀ tó ń to iṣu sábà de ìgbà ọ̀wọ́n. Èyí tí wọ́n ń pè ní Cupriavidus necator lè kó PHB jọ títí á fi tó ìdá 80 nínú 100 ìwọ̀n ara rẹ̀ gbígbẹ.

Lọ́dún 1988, wọ́n gbé jíìnì tó ń ṣe iṣẹ́ yìí sínú E. coli, bakitéríà mìíràn tí kò mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni ìgbéraga ti ń mú ọ̀dọ́. Wọ́n á ní àwọn ti sọ kòkòrò di ọmọ ọ̀dọ̀. Ọmọ ọ̀dọ̀ wo? Ẹrù ni jíìnì àjèjì jẹ́ fún un. Bí o bá gbójú kúrò, àwọn tó ti sọ ẹrù náà nù á máa bímọ ju àwọn tó ṣì rù ú lọ. Kí o tó mọ̀, bakitéríà kún ìgò, ike ò sí.

Ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan ń ṣe fẹ́ráìtì ní tirẹ̀, ohun líle bí ìkòkò amọ̀ tí mágnẹ́ẹ̀tì ń fà. Ìpẹtà irin ni wọ́n ń pò mọ́ síńkì àti níkẹ́ẹ̀lì, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, wọ́n á sun ún nínú ìléru tí ooru rẹ̀ lé ní 1,000 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ṣíọ̀sì. Ọmọ yìí ò lè dúró kó tutù. Ó ṣílẹ̀kùn, ó fà á jáde ní gbígbóná. Púpọ̀ nínú rẹ̀ sán. Ó ṣa èyí tí kò sán, ó wọn bó ṣe ń dènà iná mànàmáná, ó gbé nọ́ńbà lọ bá ọ̀gá rẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Ọ̀gá bi í pé, “Wákàtí mélòó lo fi tù ú?” Ó dákẹ́.

Ààlà tín-ín-rín tó wà láàárín hóró kan sí èkejì ló ń dènà iná jù lọ nínú fẹ́ráìtì. Bó ṣe ń tutù díẹ̀díẹ̀ ni ọ́síjìn ń ráyè ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Wọ́n ní kó sun òmíràn. Ó ní wọ́n kórìíra òun. Ó fi nọ́ńbà yẹn tẹ̀wé síbòmíràn. Àwọn ẹlòmíràn tún un ṣe, kò rí bẹ́ẹ̀. Orúkọ baba rẹ̀ ló sì wà lórí ìwé.

Bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àyẹ̀wò tó bàjẹ́ ni àkísà tiyín. Má sun ún níná. Kọ ọjọ́ tí bakitéríà ṣe ike, kọ ọjọ́ tó kọ̀. Bí ọ̀gá rẹ bá ní kí o tún un ṣe, “Ẹ ṣé, sà” ni kí o wí. Kí o sì lọ fọ ìgò.