Celia Cruz: Akọrin tí Kò Rí Ìyá Rẹ̀ Sin

Àwọn àgbà ní, ẹni tí ọmọ sin ni ó bímọ. Òwe yìí ni ó mú kí ìtàn Celia Cruz, Ọbabìnrin Orin Salsa, wọni lọ́kàn.

Ìlú Havana ní Kúbà ni a bí i sí ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá, ọdún 1925. Baba rẹ̀, òṣìṣẹ́ rélùwéè, fẹ́ kí ó di olùkọ́, ó sì wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ fọwọ́ sí orin kíkọ. Kéèkì ni ẹ̀bùn tí ó gbà nínú ìdíje kan lórí rédíò. Ní ọdún 1950, ó di akọrin ẹgbẹ́ Sonora Matancera. Ó tilẹ̀ kọrin ní Lukumí, èdè Yorùbá tí àwọn ará wa tí a kó lẹ́rú gbé dé Kúbà.

Ní oṣù Keje ọdún 1960, òun àti ẹgbẹ́ náà lọ kọrin ní Mẹ́síkò. Kò padà sílé mọ́. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú ní ọdún 1962, ìjọba Fidel Castro kò jẹ́ kí ó wọlé wá sin ín. Ìbànújẹ́ náà kò pa orin mọ́ ọn lẹ́nu: òkìkí rẹ̀ tún kàn sí i ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1990, ó bu erùpẹ̀ Kúbà ní Guantánamo. Òun ni a fi sínú pósí rẹ̀ nígbà tí ó kú ní ọdún 2003.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, òkìkí kò lè ra ààyè tí ó ti kọjá. Ẹ pa òfin karùn-ún mọ́ nígbà tí àwọn òbí yín ṣì wà láàyè.