Òrùka Rọ́bà Ẹnu Pọ́ǹpù

Kì í ṣe abà tó jóná ló bí bàbá panápaná kan nínú; abà púpọ̀ ti jóná lójú rẹ̀. Ìyìn tí wọ́n ń yin àwọn ọmọ iṣẹ́ ló dùn ún. Ní ìlú kékeré kan ní Pennsylvania, níbi tó ti ń ṣe panápaná ọ̀fẹ́ láti ọdún 41 sẹ́yìn, àwọn ọ̀dọ́ sáré so rọ́bà líle tí wọ́n fi ń fa omi mọ́ pọ́ǹpù ọkọ̀ wọn létí adágún. Kíákíá ni wọ́n ṣe é, àwọn tó dúró síbẹ̀ sì pàtẹ́wọ́. Pọ́ǹpù pariwo títí, omi ò gòkè. Nígbà tí wọ́n tú ẹnu irin rọ́bà náà, òkúta wẹ́wẹ́ tí kò tó hóró ìrẹsì ló há sábẹ́ òrùka rọ́bà inú rẹ̀.

Bàbá ò bá wọn sọ̀rọ̀ ọkọ̀ wíwà tàbí àkàbà gígùn. Wọ́n mọ ìyẹn. Ìka ọwọ́ ló ń bá wọn sọ: kí wọ́n tó so ohunkóhun, kí wọ́n fi ìka yí òrùka náà ká, kí wọ́n nù ún.

Àwọn tó ń gbé ìlú ńlá lè má mọ ìdí rẹ̀. Lọ́dọ̀ wọn, omi ẹ̀rọ ń fi agbára tirẹ̀ tú jáde lẹ́bàá títì. Ní ìgbèríko, adágún àti odò ni. Pọ́ǹpù fúnra rẹ̀ kì í fa omi. Afẹ́fẹ́ inú rọ́bà ló ń lé jáde, afẹ́fẹ́ òde á wá ti omi gòkè. Bí pọ́ǹpù ti wù kó dára tó, omi ò lè gòkè ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 33 lọ, kì í tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ lójú iṣẹ́. Bí afẹ́fẹ́ bá wá rí ihò tó tó abẹ́rẹ́, ó parí. Abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń dán pọ́ǹpù wò: wọ́n á fa afẹ́fẹ́ jáde títí ojú aago á fi dé íǹṣì 22, kò sì gbọdọ̀ já ju íǹṣì 10 lọ láàárín ìṣẹ́jú 5. Ọjọ́ yẹn, òrùka á mọ́ tónítóní. Ẹrẹ̀ oṣù tó tẹ̀ lé e ni bàbá ń bẹ̀rù.

Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ò jẹ́ kó fọwọ́ kan pọ́ǹpù fún oṣù 6. Àkísà ló fún un. Ní alẹ́ oṣù Kìíní, nígbà tí òtútù ti sọ rọ́bà di líle bí egungun, ọkùnrin náà á ní kó dijú, kó fi ìka wá iyanrìn lára òrùka. Bó bá fò ó, á tún bẹ̀rẹ̀. Inú ẹ̀wù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àyà, ni ọ̀gá ń fi òrùka kejì sí kó lè máa rọ̀. Bàbá ń sọ èyí, ó dákẹ́ díẹ̀.

Ohùn rẹ̀ tún le nígbà tó kan ọkọ̀ tánkà tó ń gbé omi láti adágún lọ síbi iná. Omi inú èyí tó ń gbé gálọ́ọ̀nù 1,000 nìkan wúwo ju kílò 3,700 lọ. Bí pọ́ǹpù etí adágún bá kọṣẹ́, awakọ̀ tánkà á fẹ́ fi eré dípò àkókò tó ti ṣòfò. Omi ń mì nínú ọkọ̀, ó ń ti awakọ̀ sí kọ́nà. Ọ̀pọ̀ panápaná ọ̀fẹ́ ni tánkà tó dojú dé ti pa ní Amẹ́ríkà, kí wọ́n tó débi iná rárá.

Ìtọ́jú irinṣẹ́ kì í ṣe ohun tuntun: ní Philadelphia, ní 1736, Benjamin Franklin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ panápaná sílẹ̀. Korobá awọ ni irinṣẹ́ wọn, àdéhùn wọn sì ni pé kí kálukú máa tọ́jú tirẹ̀ kó lè wúlò nígbàkígbà. Bàbá fẹ́ràn àdéhùn yẹn gan-an.

Nínú ọkọ̀ àtijọ́, ìkọ́ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́ǹpù tí òrùka àfikún ń so rọ̀ sí. Ọkọ̀ tuntun ò ní in. Bàbá ti ra òrùka 2, ó ti kó wọn wá, ó sì ti bẹ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n jó irú ìkọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ ọkọ̀ náà. Títí di ìsinsìnyí, inú àpò ẹ̀wù rẹ̀ ni àwọn òrùka náà wà.