Omi tí ewéko fẹ́, omi tí ewéko kọ̀

Ẹ̀yin àgbẹ̀ Ìfọ̀nyìn, kò sí ẹni tí yóò kọ́ yín pé ilẹ̀ kan yàtọ̀ sí èkejì. Àkúrọ̀ tí ìrẹsì fẹ́ràn, gbágùúdá a jẹrà síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni omi rí. Omi tútù, omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, omi iyọ̀, omi tí kò níyọ̀, èyí tó ń ṣàn àti èyí tó dúró: ewéko mọ ìyàtọ̀ gbogbo wọn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo òkun. Ní etí òkun Nàmíbíà àti Gúúsù Áfíríkà, ewéko ńlá kan ń hù lábẹ́ omi, orúkọ rẹ̀ ni kelp. Ó lè ga ju mítà 10 lọ, bí igi ọ̀pẹ. Kò ní gbòǹgbò tó ń wọ ilẹ̀. Àpáta ló ń dì mú, bí ẹni fi ọwọ́ di nǹkan mú. Ó fẹ́ omi tútù, ó fẹ́ ìmọ́lẹ̀ oòrùn, ó sì fẹ́ oúnjẹ. Omi tútù tó ń ti ìsàlẹ̀ òkun gòkè wá ló ń gbé oúnjẹ náà wá fún un. Ẹ wá wo òkun tiwa ní Kútọnu. Omi rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, iyanrìn ló wà nísàlẹ̀. Kí ni kelp máa dì mú níbẹ̀?

Èyí tó kàn wá jù ni ewéko kan tó fẹ́ràn omi wa ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè é ní jacinthe d'eau. Ó ń léfòó bí ojú oró, ṣùgbọ́n igi ewé rẹ̀ wú, òdòdó rẹ̀ sì pọ́n bí àwọ̀ elése àlùkò. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀. Òdòdó yẹn ló wu àwọn ènìyàn tí wọ́n fi ń gbé e káàkiri ayé. Láàárín àwọn ọdún 1980, ó ti bo ojú omi púpọ̀ ní ìsàlẹ̀ odò Wémẹ̀, ní adágún Nokoué àti ní ọ̀sà Àjàṣẹ́. Ní 1984, wọ́n rí i ní Àgbádárìgì, kò sì pẹ́ tó fi dé Èkó. Ẹ̀yin tó ń gba Ìgòlò kọjá mọ bí aṣọ́bodè ṣe ń dáni dúró. Ta ló dá ewéko yìí dúró?

Kí ló dé tó fi ń pọ̀ nígbà kan, tó ń dínkù nígbà mìíràn? Iyọ̀ ni. Lítà kan omi òkun ní iyọ̀ bíi gíráàmù 35. Bí iyọ̀ omi bá tó ìdá kan nínú mẹ́rin èyí, ewéko náà kú. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi odò a fà, òkun a gba Kútọnu wọ inú adágún, ewé a sì rọ. Tó bá di oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá, Wémẹ̀ a kún, a ti iyọ̀ padà sókun, a sì gbé ewéko mìíràn wá láti òkè odò.

Oúnjẹ rẹ̀ ńkọ́? Àwa là ń fún un: ìdọ̀tí ìlú, ìgbẹ́, àti ajílẹ̀ tí òjò gbá láti oko. Bó bá yó, tí oòrùn sì wà, ó lè di ìlọ́po méjì láàárín ọ̀sẹ̀ 2. Ẹ ṣírò rẹ̀: 10 lónìí, 20, 40, 80, ó di 160 lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 8.

Bó bá ti bo omi, ọkọ̀ ò rọ́nà, àwọ̀n a ya, ẹja ò rí afẹ́fẹ́ mí. Àwọn olùwádìí ṣírò pé nígbà tó le jù, nǹkan bí ènìyàn 200,000 ní gúúsù Bẹ̀nẹ̀ ń pàdánù tó mílíọ̀nù 84 dọ́là lọ́dún. Ẹja ni àwọn ọkùnrin pàdánù. Àwọn obìnrin pàdánù òwò, nítorí ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé wọn dé ọjà.

Láti 1991 dé 1993, ilé ìwádìí IITA tú oríṣi kòkòrò mẹ́ta sílẹ̀ sórí rẹ̀. Láti ilé ewéko náà gan-an ni àwọn kòkòrò yìí ti wá, òun ni wọ́n sì ń jẹ. Ewéko náà dínkù, owó tó padà sọ́wọ́ àwọn ènìyàn tó mílíọ̀nù 30 dọ́là lọ́dún. Kò tán o.

Omi kékeré tiwa ní Ìfọ̀nyìn kò níyọ̀. Òkun ò lè wọ ibẹ̀ wá bá yín pa á. Nítorí náà, ẹ má ṣe mú un wá sílé nítorí òdòdó rẹ̀, ẹ má ṣe jù ú sínú adágún ẹja. Bí ẹ bá rí ẹyọ kan, ẹ fà á jáde kó tó yọ òdòdó, nítorí hóró rẹ̀ lè sùn nínú ẹrẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ sá a sórí ilẹ̀ gbígbẹ, jìnnà sí omi. Tó bá gbẹ tán, ẹ kó o mọ́ ààtàn, yóò di ajílẹ̀.

Ẹ bá ara yín sọ ọ́ ní kíláàsì: ewéko wo ló wà lórí omi abúlé yín báyìí? Kí ni òjò ń gbá lọ síbẹ̀?