Ilẹ̀ Máa Ń Fọhùn Kó Tó Ya

 

Àbúrò bàbá mi ń wa góòlù lágbègbè Iléṣà. Nígbà tí wọ́n wá kí wa, mo bi wọ́n pé, "Bọ̀dá, báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé kòtò fẹ́ ya?" Wọ́n rẹ́rìn-ín: "Tí yẹ̀pẹ̀ bá ti ń já bọ́, a ó sáré jáde." Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n sùn. Mo wá lọ kà nípa bí àwọn ibi ìwakùsà ńlá ṣe ń ṣọ́ ilẹ̀.

Sẹ́ńsọ̀ ni wọ́n ń lò. Rédà jẹ́ ọ̀kan nínú wọn: á máa ju ìgbì rédíò lu ògiri kòtò, ìgbì á sì padà. Bí ògiri bá sún, kódà kó jẹ́ mìlímítà péré, ìgbì tó padà á yàtọ̀. Kọ̀ǹpútà á fi àwọ̀ kun àwòrán kòtò náà: ibi tó ń sún lè jẹ́ pupa. Ibí ni virtual reality ti wúlò: ẹnjiníà á dé awò ńlá sójú nínú ọ́fíìsì, á dà bíi pé ó wà nínú kòtò gan-an, láìfi ẹsẹ̀ kan ibẹ̀.

Ẹ wo Bingham Canyon, níbi tí wọ́n ti ń wa bàbà ní Utah, Amẹ́ríkà. Láti oṣù kejì ọdún 2013 ni ẹ̀rọ ti rí i pé ògiri kan ń sún. Nígbà tí eré rẹ̀ pọ̀ sí i, wọ́n kó gbogbo òṣìṣẹ́ jáde. Lálẹ́ ọjọ́ 10 oṣù kẹrin, ògiri náà ya lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó wó lé ní mílíọ̀nù 100 tọ́ọ̀nù. Ó bo ọkọ̀ mọ́lẹ̀, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò fara pa.

Rédà ò di ògiri mú o. Wọ́n gbọ́ ohun tó sọ ni.

Bọ̀dá ò lè ra rédà, àmọ́ èèkàn méjì ò wọ́n. Kí wọ́n ri ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ibi tí ilẹ̀ ti là lẹ́nu kòtò, kí wọ́n fi téèpù wọn àárín wọn láràárọ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Tó bá ti fẹ̀ sí i, kẹ́nikẹ́ni má wọlé. Kòtò tí kò là náà lè ya, nítorí náà ojú gbọ́dọ̀ wà lára ògiri síbẹ̀.

Mo fún wọn ní téèpù. Wọ́n ní, "Tó bá wá bọ́ sí ọjọ́ tí góòlù yọ ńkọ́?"

Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ̀yin la ń retí nílé, kì í ṣe góòlù."