Kí ló dé tí dátábéèsì fi sọ Ẹ̀gbẹ́dá kan di mẹ́rin?

Ká ní ẹ kọ áàpù kékeré kan fún ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn oníṣòwò kan ní Ìkòtún. Orúkọ ọmọ ẹgbẹ́, nọ́ńbà fóònù, àdúgbò, iye tí kálukú ń dá lóṣù: gbogbo rẹ̀ wà nínú àtẹ kan. Áàpù ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Lọ́jọ́ kan, akọ̀wé ẹgbẹ́ ní òun fẹ́ mọ iye ọmọ ẹgbẹ́ tó wà ládùúgbò kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣe ohun tí gbogbo ẹni tó bá mọ SQL díẹ̀ máa ṣe:

SELECT adugbo, COUNT(*) FROM omo_egbe GROUP BY adugbo;

Ohun tó jáde fún Ẹ̀gbẹ́dá rèé:

Egbeda | 14
Ẹgbẹda | 9
Ẹ̀gbẹ́dá | 6
Ẹ̀gbẹ́dá | 3

Àwọn méjì àkọ́kọ́ ò le. Ẹnì kan ò fi àmì kankan sí i, ẹnì kejì fi àmì sábẹ́ lẹ́tà ṣùgbọ́n kò fi àmì ohùn sí i. Ẹ wá wo ìlà méjì tó gbẹ̀yìn. Ẹ sún mọ́ ọn, ẹ fi awò wò ó tó bá wù yín, ojú ò lè rí ìyàtọ̀ kankan níbẹ̀. Síbẹ̀ PostgreSQL ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, òótọ́ ló sì ń sọ.

Tó bá jẹ́ àdúgbò nìkan ni, ẹ lè ní kò burú. Ṣùgbọ́n orúkọ èèyàn náà wà nínú àtẹ yẹn. Ká ní ìyá kan tó ń ta aṣọ ti ń dá owó láti ọdún méjì, ó wá fẹ́ yáwó. Akọ̀wé tẹ "Ṣadé" sínú àpótí ìwárí, áàpù dáhùn pé kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Tàbí kó jáde lẹ́ẹ̀mejì, kí owó rẹ̀ pín sábẹ́ orúkọ méjì, kí ìdajì má wọ ìṣirò. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, Alímọ̀ṣọ́ ni ìjọba ìbílẹ̀ tí èrò pọ̀ sí jù ní ìpínlẹ̀ Èkó: èèyàn 1,277,714. Láti Ìkòtún dé Ìgàndò, Ṣadé mélòó lẹ rò pé ẹ máa bá pàdé? Áàpù tó bá ń ṣi orúkọ kà níbẹ̀, owó olówó ló ń ṣi kà.

Ojú ń rí lẹ́tà, dátábéèsì ń rí nọ́ńbà

Kọ̀ǹpútà ò mọ ẹ, kò mọ ọ. Nọ́ńbà ló mọ̀. Unicode ni ìlànà tó fún lẹ́tà àwọn èdè ayé ní nọ́ńbà. Ó fún á ní U+00E1, ẹ gba U+1EB9, ọ gba U+1ECD, ṣ gba U+1E63. Títí débẹ̀, ó dára. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ níbi tí àmì abẹ́ àti àmì ohùn ti pàdé lára lẹ́tà kan ṣoṣo. Kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹ̀, kò sí fún ọ́. Àwọn ará Vietnam náà ń lo ẹ àti ọ, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwọn, àmì ohùn ni àmì abẹ́ yẹn fúnra rẹ̀, kò sì sídìí tí wọ́n fi máa gbé ohùn méjì ka lẹ́tà kan. Àwa la nílò méjèèjì. Nítorí náà, ńṣe la máa ń to nọ́ńbà méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ kó tó di lẹ́tà kan.

Ọ̀nà tí èèyàn lè gbà tò ó sì ju ẹyọ kan lọ. Fún ẹ̀ nìkan:

ẹ + àmì ohùn ìsàlẹ̀: U+1EB9 U+0300
e + àmì abẹ́ + àmì ohùn: U+0065 U+0323 U+0300
e + àmì ohùn + àmì abẹ́: U+0065 U+0300 U+0323
è + àmì abẹ́: U+00E8 U+0323

Kíbọọ̀dù kan lè tẹ ti àkọ́kọ́, òmíràn á tẹ ìkejì, ẹni tó sì ti tẹ è kó tó rántí àmì abẹ́ lè bọ́ sórí ìkẹrin. Lójú wa, ọ̀kan ni gbogbo wọn. Unicode fúnra rẹ̀ sọ pé ọ̀kan ni wọ́n. Àmọ́ tí dátábéèsì bá ń fi báìtì wé báìtì, mẹ́rin ni.

Ẹ dán èyí wò: SELECT length('Ẹ̀gbẹ́dá'). Lédè Yorùbá, lẹ́tà márùn-ún ni, torí pé ọ̀kan ni gb. Ẹni tó bá fi ojú Gẹ̀ẹ́sì kà á á rí mẹ́fà. PostgreSQL á dáhùn pé 8 tí wọ́n bá fi ọ̀nà àkọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, á sì dáhùn pé 11 tí wọ́n bá tú gbogbo àmì kúrò lára lẹ́tà bíi ti ọ̀nà kejì. Ká wá ní ẹ kọ VARCHAR(10) fún òpó àdúgbò. Ẹni àkọ́kọ́ wọlé wẹ́rẹ́, ẹni kejì gba àṣìṣe pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn jù, bẹ́ẹ̀ ohun kan náà làwọn méjèèjì kọ. Tẹ́ ẹ bá jókòó ti irú àṣìṣe yìí láìmọ Unicode, ilẹ̀ á mọ́ bá yín níbẹ̀.

Sọ́fítíwià kọ̀ọ̀kan ló ní ìwà tirẹ̀

PostgreSQL le díẹ̀: bí wọ́n ṣe sábà máa ń gbé e kalẹ̀, tí báìtì kan bá yàtọ̀, = á ní wọn ò dọ́gba. MySQL ló wá ya sí apá kejì pátápátá. Láti MySQL 8.0 tó jáde ní 2018, ìlànà ìfiwéra tó máa ń bá a wá (collation ni wọ́n ń pè é) ni utf8mb4_0900_ai_ci. "ai" túmọ̀ sí pé kò ka àmì sí, "ci" sì ni pé kò ka lẹ́tà ńlá àti kékeré sí. Ẹni tó bá tẹ "sade" á rí Ṣadé. Ó dùn, àbí?

Ó dùn títí ẹ ó fi kọ áàpù ìwé atúmọ̀ èdè. Ẹ fi UNIQUE sí òpó ọ̀rọ̀, ẹ kọ ọkọ sí i, ó wọlé. Ẹ kọ ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ tẹ̀ lé e, gbogbo wọn ló máa gba àṣìṣe 1062, pé ọ̀rọ̀ náà ti wà níbẹ̀. Ọkọ ìyàwó, ọkọ́ àgbẹ̀, ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìyànà-Ìpájà, ọ̀kọ̀ ọdẹ: MySQL ní nǹkan kan náà ni. Oko pàápàá ò ní wọlé. Ẹ yí òpó yẹn sí utf8mb4_0900_as_cs, á bẹ̀rẹ̀ sí í ka àmì.

Àwọn MySQL àtijọ́, títí dé 5.7, latin1 ló ń bá wọn wá. Latin1 ní á àti è, kò ní ẹ, kò ní ọ, kò ní ṣ. Ibẹ̀ ni "??lá" tí ẹ máa ń rí dípò Ṣọlá ti sábà ń wá; tó bá wà lórí ìlànà líle, á kọ orúkọ náà pátápátá. Wọ́n á ní kí ẹ kúrò lórí utf8 ti àtijọ́, kí ẹ lọ sórí utf8mb4. Ìmọ̀ràn dáadáa ni, ṣùgbọ́n nítorí emoji ni. Kò sí lẹ́tà Yorùbá kankan tí nọ́ńbà rẹ̀ gbà ju báìtì mẹ́ta lọ, utf8 ti àtijọ́ sì ń gba báìtì mẹ́ta.

SQLite, tó wà nínú fóònù Android, lẹ́tà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ti Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló mọ ńlá àti kékeré wọn. LIKE 'sade' á rí Sade, ṣùgbọ́n LIKE 'ṣadé' ò ní rí Ṣadé.

Kí la máa wá ṣe?

Ohun tí àwọn kan ń ṣe ni pé wọ́n á dí ilẹ̀kùn: A sí Z nìkan, ẹni tó bá kọ ẹ tàbí ọ, wọ́n á ní orúkọ rẹ̀ ò tọ́. Lójú tèmi, ìwà ọ̀lẹ nìyẹn. Orúkọ tí bàbá àti ìyá sọ ọmọ, áàpù tẹ́ ẹ kọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ló wá ń sọ pé kò tọ́?

Ẹ jẹ́ kí gbogbo orúkọ gba ọ̀nà kan ṣoṣo wọlé. NFC ni orúkọ ìlànà Unicode tó ń sọ ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin òkè yẹn di ti àkọ́kọ́. PostgreSQL ní iṣẹ́ náà nínú láti ẹ̀dà 13, tó jáde ní 2020:

UPDATE omo_egbe SET oruko = normalize(oruko, NFC), adugbo = normalize(adugbo, NFC);
ALTER TABLE omo_egbe ADD CHECK (oruko IS NFC NORMALIZED);

Ìlà kejì yẹn ni ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Láti ìsinsìnyí lọ, kóòdù tí kò bá tún orúkọ ṣe kó tó gbé e wá, dátábéèsì á dá a padà.

Ìyẹn so Ẹ̀gbẹ́dá méjì tó jọra pọ̀. Ó ku Egbeda àti Ẹgbẹda, NFC ò sì lè ran àwọn yẹn lọ́wọ́, torí lóòótọ́ ni wọ́n yàtọ̀. Èrò Edgar Codd la nílò níbí. Ọdún 1970 ló gbé ìwé jáde ní ilé iṣẹ́ IBM lórí bí a ṣe lè to dátà sínú àtẹ tó bára tan. (Ó tún ní "normalization" tirẹ̀ o, kì í ṣe ti Unicode. Ẹ má jẹ́ kí ó da ọkàn yín rú.) Nínú èrò yẹn, ibì kan la ti ń kọ ohun kan. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ ẹgbẹ́ tẹ àdúgbò fúnra rẹ̀. Ẹ ya àtẹ àdúgbò sọ́tọ̀, kí Ẹ̀gbẹ́dá ní nọ́ńbà tirẹ̀ níbẹ̀, kí àtẹ ọmọ ẹgbẹ́ sì máa tọ́ka sí nọ́ńbà náà:

adugbo_id integer REFERENCES adugbo(id)

Tí ẹnì kan bá ní àmì tí ẹ fi sórí Ìgàndò ò tọ́, ìlà kan lẹ máa tún ṣe, gbogbo ará Ìgàndò á sì ti gba àtúnṣe.

Ti orúkọ èèyàn ò rí bẹ́ẹ̀, torí ẹ ò lè fún èèyàn ní àkójọ orúkọ pé kó mú ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹ má fi orúkọ ṣe kọ́kọ́rọ́ àtẹ láéláé. Àwọn báńkì náà ò ṣe é: nọ́ńbà àkáǹtì NUBAN jẹ́ díjíìtì 10, BVN tó bẹ̀rẹ̀ ní 2014 jẹ́ 11. Ẹ fún ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ bó ṣe ń kọ ọ́, kí ẹ wá ní òpó kẹta tí ẹnikẹ́ni ò ní rí, tó wà fún ìwárí nìkan. Python lè ṣe é:

import unicodedata

def fun_iwari(oro):
    oro = unicodedata.normalize("NFD", oro)
    return "".join(c for c in oro if unicodedata.category(c) != "Mn").lower()

Ó tú àmì kúrò lára lẹ́tà, ó sì dà á nù. Ṣadé, Ṣade àti Sade á di "sade" nínú òpó yẹn. Akọ̀wé tó ń kánjú á tẹ "sade", gbogbo wọn á jáde, òun fúnra rẹ̀ á fi nọ́ńbà fóònù mọ èyí tó ń wá. Ẹ má fi UNIQUE sí òpó yìí o! "Shadé" ṣì máa sá mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ lè fi ìlà kan kún un tó ń sọ sh di s. Àwọn Yorùbá ilẹ̀ Benin tó ń kọ ɛ, ɔ àti sh ńkọ́? Lẹ́tà ọ̀tọ̀ ni ɛ àti ɔ, kì í ṣe e àti o tó ní àmì, torí náà ẹ gbọ́dọ̀ fúnra yín sọ fún kóòdù pé kó yí wọn padà.

Nípa títò, tó bá jẹ́ báìtì ni dátábéèsì yín fi ń tò, gbogbo orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ẹ, Ọ tàbí Ṣ á ṣubú sẹ́yìn Z, Yétúndé á wá ṣáájú Ẹniọlá. PostgreSQL tó ní ICU mọ a, b, d tiwa, gb náà wà níbẹ̀:

SELECT oruko FROM omo_egbe ORDER BY oruko COLLATE "yo-x-icu";

Kí ẹ tó gbé áàpù yín fún ẹnikẹ́ni, ẹ ṣe àtẹ kan tó ní òpó kan ṣoṣo, ẹ fi UNIQUE sí i, kí ẹ wá gbìyànjú láti kó ọ̀rọ̀ márùn-ún yìí sínú rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan: Òjó (orúkọ èèyàn), òjò (ti ojú ọ̀run), ojo (ẹni tí ẹ̀rù máa ń bà), ọjọ́ (wákàtí mẹ́rìnlélógún), Ọjọ́ (ibi tí LASU wà). MySQL 8.0, tẹ́ ò bá yí nǹkan kan padà, á gba ẹyọ kan. PostgreSQL á gba márààrún. Tó bá jẹ́ mẹ́rin ló wọlé, ẹ lọ wo collation yín: ó ń ka àmì, àmọ́ ó ń fi ọjọ́ àti Ọjọ́ ṣe ọ̀kan.